Orin Ń Bẹ Lẹ́nu Ọmọ Kí Ó Tó Dé Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìyá, àwọn olùkọ́, àti gbogbo ẹni tí ń tọ́jú ọmọdé

Àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti fẹ̀yìntì, àwọn mìíràn kò sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń kó ọmọ jọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìbéèrè kan wà tí púpọ̀ nínú wa máa ń bi ara wa nígbà tí a bá pàdé: báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní orin nínú yàrá kan ṣoṣo, kí ariwo má sì bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ Yorùbá kì í wá sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òfo. Ó ti gbé orin wá láti ilé, nínú èdè tí ó ń sọ àti nínú eré tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò rí i pé orin tí òun fẹ́ kọ́ wọn náà ni yóò bá òun tọ́ kíláàsì sọ́nà. Ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, pàṣán ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé, pàṣán kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní orin rí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Láti ìgbà tí àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì ti dé Badagry ní ọdún 1842 ni orin àti ìwé kíkà ti jọ ń rìn pọ̀ láàrin wa. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ àtijọ́, ọmọ kì í parí ìwé mẹ́fà láì mọ orin púpọ̀ lórí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2008, a kó orin, àwòrán yíyà, eré orí ìtàgé àti ijó pọ̀ di iṣẹ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti èdè náà ni a retí pé kí ó kọ́ wọn ní èyí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní orin rí. Nítorí náà, ní ibi púpọ̀, orin ti di ohun tí a ń kọ ní òwúrọ̀ lórí ìlà, tàbí ohun tí a sáré kọ́ ọmọ nígbà tí àlejò bá ń bọ̀.

Ìpalára kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ wo àárín wa. Àwọn arábìnrin kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé orin sókè, ètè nìkan ni wọ́n ń mì. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, olùkọ́ kan sọ pé ohùn àwọn ń ba orin jẹ́, kí àwọn pa ẹnu dé. Ó ti tó àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fún ẹlòmíràn, kò sì tíì ya ẹnu kọrin láti ìgbà náà. Gbólóhùn kan péré ni olùkọ́ sọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ogún tí a rí gbà

Ó yẹ kí inú àwa obìnrin dùn pé obìnrin ni ó fi ìpìlẹ̀ ohun tí a ń pè ní tonic sol-fa lélẹ̀. Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà láàrin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1835. Ní ọdún 1841, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ṣe ìpàdé ní ìlú Hull, wọ́n sì bẹ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ John Curwen pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti kọ́ ọmọdé ní orin. Ọ̀nà Sarah Glover ni ó mú, ó tún un ṣe, ó sì tan án kálẹ̀. Àwọn ajíhìnrere gbé e wá sí ilẹ̀ wa, títí di òní ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa sì ń fi d, r, m ka orin. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọ̀nà yìí kò bèèrè dùùrù, kò sì bèèrè ìwé olówó gọbọi. Lẹ́tà lásán lórí pátákó ìkọ̀wé ti tó.

Ogún kejì, ọ̀dọ̀ àwọn baba wa ni ó ti wá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin Yorùbá tí ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ mu. Nígbà tí ó lọ sí London ní ọdún 1922, orin mẹ́tàlélógójì (43) ni ó kọ tí a sì gbà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Bákan náà ni T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, fún ọdún púpọ̀, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí rí ni pé bí orin bá lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀, bí orin bá gbé e sókè, ọkọ́ ni àwọn tí ń gbọ́ yóò gbọ́.

Ohùn mẹ́ta tí ọmọ ti mọ̀

Gbogbo wa mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Àwọn olùkọ́ èdè ń pè é ní dò, re, mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń sọ Yorùbá kì í ṣi wọ́n lò. Kò lè pe igbá ìyá rẹ̀ ní igba. Èyí túmọ̀ sí pé kí olùkọ́ orin tó dé, etí ọmọ náà ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn tí ó lọ sókè àti èyí tí ó wálẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a fi hàn án pé ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sórí pátákó: igba tí í ṣe iye, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí a fi ń ka àkókò, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ pè wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi imú kùn wọ́n láì la ẹnu. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi dò re mí kọ wọ́n: igba yóò jẹ́ re re, igbá yóò jẹ́ re mí, ìgbà yóò jẹ́ dò dò, igbà yóò sì jẹ́ re dò. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́ta ọmọ ti ka orin, wọn kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe.

Ọ̀nà kejì ni orúkọ wọn. Dípò kí a máa ka orúkọ lásán láti inú ìwé ìpè, kí a kọ ọ́ lórin. Bọ́lá jẹ́ mí mí. Òjó jẹ́ dò mí. Adé jẹ́ re mí. Táíwò jẹ́ mí mí dò, Kẹ́hìndé sì jẹ́ mí dò mí. Olùkọ́ kọ orúkọ, ọmọ náà sì fi ohùn kan náà dáhùn. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀ jù, kí a mú ìlà kan lójoojúmọ́. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, kí a ní kí ó pè é fún wa bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é nílé, kí a sì fi ohùn yẹn kọ ọ́. Kí a tó parí ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ yóò ti gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, yóò sì ti mọ ẹni tí etí rẹ̀ mú àti ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́.

Kí a má ṣe gbàgbé pé dò re mí inú ọ̀rọ̀ kì í dúró sójú kan bíi ti dùùrù. Ohùn ènìyàn a máa yọ́ gòkè, a sì máa yọ́ wálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni a fi í ṣe. Bí ọmọ bá ti gba ibẹ̀ wọlé, yóò rọrùn láti mú un dé fá, sọ àti la.

Yíyan orin àti gbígbé e

Kí a tó wọ kíláàsì ni kí a ti yan orin. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan mẹ́rin.

Èkínní, ǹjẹ́ ohùn orin náà bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu? Orin eré àwọn ọmọ wa, bí ti bojúbojú àti ti ẹkùn mẹ́ran, àti orin inú àlọ́, kì í ní àléébù yìí.

Èkejì, ǹjẹ́ ó kúrú, ṣé ó sì ní lílé àti gbígbè? Orin tí ẹnì kan ń lé tí gbogbo ènìyàn ń gbè ni ó rọrùn jù fún ọmọ kékeré, nítorí ègbè kì í yí padà.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó wà ní ibi tí ohùn ọmọ dé? Fún ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, láti dò dé sọ tàbí la ti tó. Ibí ni a ní láti kíyè sí ara wa. Ohùn àwa obìnrin a máa wálẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Ibi tí ó tù wá lára lè jìn jù sísàlẹ̀ fún ọmọdé, yóò sì máa kùn bí oyin. Bí a bá sì gbé e ga jù, igbe ni yóò ké. Ọ̀nà tí ó dára ni kí a mú ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ mọ́, kí a jẹ́ kí ó gbé orin náà, kí a sì tẹ̀ lé e. Bí olùkọ́ bá jẹ́ ọkùnrin, èyí tún ṣe pàtàkì jù, nítorí àwọn ọmọ kan yóò máa wá ohùn rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọn kò lè dé.

Ẹ̀kẹrin, ti ta ni ilé ẹ̀kọ́ náà? Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ Krìstẹ́nì àti ọmọ Mùsùlùmí ni ó jókòó lórí àga kan náà. Orin iṣẹ́ ọwọ́, orin ìmọ́tótó, orin ẹranko, orin ìlú ẹni àti orin eré pọ̀ tó láti kún ọdún kan. Ìyá ọmọ kejì fọkàn tán wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a já a kulẹ̀.

Ètò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Ìṣẹ́jú 5: ìkíni lórin àti ìpè orúkọ ìlà kan.

Ìṣẹ́jú 5: orin kan tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ìṣẹ́jú 12: orin tuntun. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n máa gbọ́, kí ó sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò tẹ́tí sí, bíi "ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dárúkọ ẹyẹ?" Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa lé e ní ìlà kan, kí wọ́n máa gbà á. Bí wọ́n bá mọ ìlà méjì, kí ó so wọ́n pọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣẹ́jú 5: àtẹ́wọ́ tàbí ohun èlò.

Ìṣẹ́jú 3: orin jẹ́jẹ́ tí yóò mú ara wọn rọlẹ̀, kí olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa má bàa bá kíláàsì nínú ìgbónára.

Àwọn ìṣòro inú kíláàsì

1. Ariwo. Bí ọmọ bá pariwo tí olùkọ́ náà sì pariwo, ariwo ti di méjì. Ẹ jẹ́ kí a lo ohùn èdè wa gẹ́gẹ́ bí onílù ti ń lò ó. "Ẹ dákẹ́" jẹ́ re mí mí. "Ẹ jókòó" jẹ́ re mí dò mí. "Ẹ dìde" jẹ́ re dò re. Kí olùkọ́ fi imú kùn ún, tàbí kí ó fi gángan sọ ọ́, láì la ẹnu rárá. Àwọn ọmọ yóò dáhùn, "A ti gbọ́," re re mí, wọn yóò sì ṣe ohun tí a wí. Nígbà àkọ́kọ́, eré ni wọn yóò pè é. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di òfin kíláàsì. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a máa bá ẹ̀kọ́ lọ nígbà tí wọn kò tíì dákẹ́. Orin ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

2. Ọmọ pọ̀, àyè kò tó. Kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí a sọ wọ́n ní orúkọ ohun èlò: Dùndún, Agogo, Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Àgídìgbo. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń lé, kí èkejì máa gbè, kí ẹ̀kẹta máa pàtẹ́wọ́, kí ẹ̀kẹrin máa tẹ́tí, kí ó sì sọ ohun tí ó dára tí ó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀. Ọmọ tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ráyè gbá ẹnìkejì rẹ̀ ní ìkúùkù.

3. Ọmọ tí ń pariwo orin. Ó rò pé bí òun bá ké jù, òun ni òun mọ̀ ọ́n jù. John Wesley fúnra rẹ̀, nínú ìlànà orin kíkọ tí ó fi lélẹ̀ ní ọdún 1761, kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n kọrin pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n kí ohùn ẹnì kan má ṣe bo ti àwọn ìyókù. Kí a ní kí ọmọ náà kọ ọ́ lọ́nà tí òun yóò fi gbọ́ ohùn ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹni tí ó wà lápá òsì. Bí kò bá gbọ́ wọn, ohùn tirẹ̀ ti pọ̀ jù.

4. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò bá orin mu. Èyí ni ó ṣòro jù, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀fun ọmọ náà ni ó bàjẹ́, etí rẹ̀ ni kò tíì mọ bí a ti ń tẹ́tí. Ẹ rántí pé ọmọ tí ń pe igbá àti ìgbà láì ṣì wọ́n pè ti mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe fi agbára fà á wá sí ibi tí orin wà. Kí ó lọ bá a ní ibi tí ó wà, kí ó kọ ohùn tí ọmọ náà ń kọ, kí wọ́n jọ dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa gòkè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A tún lè ní kí ó ṣe bí ẹni tí ń polówó ọjà tàbí bí fèrè ọkọ̀ panápaná tí ń lọ sókè sódò, kí ohùn rẹ̀ lè mọ̀ pé àyè wà lókè. Kí ó jókòó ti ọmọ tí ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ó lè gba sáà kan, ó lè gba ọdún kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà, "pa ẹnu dé, o ń ba orin jẹ́," kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa láé.

5. Ọmọ tí kò kọrin rárá. Kí a má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, kí a má sì dá a dúró síwájú. Ó lè jẹ́ ojú ni ń tì í, ó lè jẹ́ pé ebi ń pa á, ó lè jẹ́ pé a kì í sọ Yorùbá nílé wọn, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà. Kí a kọ́kọ́ fún un ní agogo láti lù, tàbí kí a jẹ́ kí ó máa bá wọn gbè nìkan. Èyí tí kò gbọ́ Yorùbá, ègbè orin ni yóò kọ́ ọ ní èdè náà, kíákíá ju bí a ti rò lọ. Bí a bá fura pé etí ọmọ kan kò gbọ́ dáadáa, kí a mú un súnmọ́ iwájú, kí a jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ara ìlù láti mọ bí ó ti ń dún, kí a sì rọra sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

6. Ìjà lórí ohun èlò. A kò nílò owó púpọ̀. Agolo mílíìkì tí a fi òkúta wẹẹrẹ tàbí ẹ̀wà sí nínú, igi ọparun méjì, ìdérí ìgò tí a fi wáyà so pọ̀, ahá àti akèrègbè, gbogbo wọn ni ó ń dún. Kí a dí ojú agolo dáadáa, kí a sì fi òkúta lu etí rẹ̀ kí ó má bàa ya ọmọ lọ́wọ́. Kí a ṣe àlàyé tán kí a tó pín in, nítorí ọmọ tí agolo ti dé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí à ń wí mọ́. Kí ilé ìsinmi wà fún ohun èlò: bí olùkọ́ bá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ohun èlò yóò wà lórí itan. Ẹni tí ó bá lù ú lásìkò ìsinmi yóò gbé e fún ẹnìkejì fún orin kan, yóò sì tún gbà á padà. Ìyẹn ti tó ìyà.

7. Kíláàsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ògiri kò dé òkè àjà. Kí a lọ bá olùkọ́ ibẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí a jọ yan wákàtí kan, bíi èyí tí ó ṣáájú ìsinmi ọ̀sán. Ní ọjọ́ ìdánwò, kí àwọn ọmọ fi imú kùn, kí wọ́n sì fi ìka méjì pàtẹ́wọ́. Bí òjò bá ń lu páànù tí a kò gbọ́ ara wa, kí a fi ọjọ́ náà ka ọ̀rọ̀ orin tàbí kí a kọ dò re mí sínú ìwé.

8. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì 5 àti 6. Wọn a máa wí pé ti obìnrin ni orin. Kí a sọ ìtàn Ransome-Kuti fún wọn, kí a sì bi wọ́n pé ta ni ń lu gángan ní ìlú wọn. Bí ohùn ọmọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí a sọ fún un pé àgbà ni ó ń dà, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ rín in, kí a sì fún un ní ibi tí kò ga.

9. Pàṣán. Àwọn kan yóò wí pé láìsí pàṣán, ọmọ Yorùbá kò gbọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí orin ti ń jáde. Èémí ni ó ń gbé e. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, àyà rẹ̀ ń já, èémí rẹ̀ kúrú, ọ̀fun rẹ̀ sì le. Ọmọ tí ń sunkún kò lè di ohùn kan mú. Nítorí náà, bí a bá na ọmọ níbi ẹ̀kọ́ orin, a ti fi ọwọ́ ara wa gba ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa

Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin ni àpótí orin wa. Orin àlọ́ tí ẹ mọ̀, bí ẹ kò bá kọ ọ́ fún ọmọ ọmọ yín, ta ni yóò kọ ọ́? Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n fún ogún ìṣẹ́jú ní alẹ́, kí ẹ pa àlọ́, kí àwọn ọmọ sì gbè. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ bèèrè bóyá wákàtí kan lọ́sẹ̀ lè wúlò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kọ́ olùkọ́ kan ní tonic sol-fa.

A sì dá a lábàá pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orin eré kan wá láti ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá. Kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí ó mọ sol-fa kọ orin rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá mú un wá, ìwé orin fún ilé ẹ̀kọ́ kan ti délẹ̀, kò sì ná wa ju ìwé àti bíírò lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni orúkọ yín nínú dò re mí? Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì gbè é.

2. Orin wo ni ẹ kọ́kọ́ kọ́ ní kékeré, ta ni ó sì kọ́ yín?

3. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà láàrin wa tí a ti dá lẹ́kun orin ní kékeré? Báwo ni a ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láti tún ya ẹnu rẹ̀?

4. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni ó súnmọ́ wa jù, kí sì ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe níbẹ̀ kí sáà tí ń bọ̀ tó parí?

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù àti ọgbọ́n láti tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ohùn ọ̀kankan nínú wọn má ṣe kú sí wa lọ́wọ́. Àmín.